Kánfọ̀ kọ́ ló máa gbé píkọ́ọ̀pù yín gun òkè

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ ni mo fi ń kó iṣu láti Ìsánlú wá sí ọjà Kàbà. Tí kò bá sẹ́rù lẹ́yìn, ó ń sáré dáadáa. Tí mo bá ti kẹ́rù, tó wá kan òkè, á máa jẹ́kì, agbára rẹ̀ á lọ, nígbà mìíràn á dún gbòà láti inú sàléńsà. Mẹkáníìkì kan fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ní kí n máa ju kánfọ̀ sí táǹkì nígbàkigbà tí mo bá ra epo. Ó ṣe dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n fi kún kánfọ̀ ni, àbí kí n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Ọ̀rọ̀ kánfọ̀ yìí ti sú mi, nítorí àwọn tó ń fi mọ́tò àtijọ́ wá oúnjẹ òòjọ́ ló ń ná lówó.

Ẹ tún ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kà. Ọjọ́ tó ju kánfọ̀ sí táǹkì náà ló fọ púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì tó mọ́ ló fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì tún dọ̀tí, kánfọ̀ wà nínú táǹkì, kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Wọ́n á ní ó ń jẹ́ kí epo le, pé ó ń gbé octane sókè. Octane kì í ṣe agbára. Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó nínú sílíńdà, ihò ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, kó má baà gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀. Epo ilé-epo lásán ti tó ẹ́ńjìnnì 504. Èyí tó pọ̀ jù nínú kánfọ̀ tí à ń fi sáàárín aṣọ, naphthalene ni. Lóòótọ́ ó máa ń yọ́ sínú epo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé mọ́tò kalẹ̀, tí epo inú kábúrétọ̀ fẹ́ lọ, kánfọ̀ kì í bá a lọ kíá. Á tún padà di hóró funfun, á jókòó sẹ́nu jẹ́ẹ̀tì, ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Bí ihò yẹn bá ti dí, epo tí ẹ́ńjìnnì nílò lórí òkè kò ní tó o mọ́. Irú kánfọ̀ mìíràn tún wà tó ní chlorine nínú. Tó bá jóná, ásíìdì tó ń jẹ irin ló ń dà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fa epo táǹkì yẹn dànù ní gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá, kó sì tú kábúrétọ̀ fọ̀.

Àìsàn gan-an wá ńkọ́? N kò rí mọ́tò náà lójú, ẹ má mú ọ̀rọ̀ mi bí ìdájọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ jọ ti iná púlọ́ọ̀gì tó ń tan epo ju ti epo fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni mẹ́rin tó jọ gbé ẹrù ni sílíńdà mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá jù ú sílẹ̀, àwọn yòókù á gbọ̀n. Tí ẹ bá tẹ tọ́tù lórí òkè, ìfúnpọ̀ inú sílíńdà á pọ̀, iná á sì ṣòroó fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Iná tí kò lágbára, tó ń ṣe dáadáa ní sílóò, nígbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù, ibẹ̀ ló ti ń kọ̀. Epo tí kò jó á bọ́ sínú sàléńsà, á gbiná níbẹ̀: gbòà tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ epo ni kò tó, agbára rẹ̀ á sábà máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Lóru, níbi tó ṣókùnkùn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń rìn lára wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí lórí ọmọrí dísíbítọ̀, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ẹ ti rí olè tó ń jí iná. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, iná kọ́ìlì, ohun tó ń sọ iná bátìrì di ńlá, ju 10,000 fóòtì (volt) lọ. Ẹ má wọ agbádá sún mọ́ fáànù. Tí òórùn epo bá wà níbẹ̀, ẹ má dán an wò rárá.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ tó mọ Toyota ń ka sílíńdà 504 láti iwájú. Ọ̀dọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni nọ́ńbà 1 wà, 1-3-4-2 sì ni iná ń tò dé ọ̀dọ̀ wọn. Púlọ́ọ̀gì tí imú rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó dúdú bí èédú gbígbẹ, epo ti pọ̀ jù fún un. Èyí tó tutù fún bẹntiróòlù, iná kò dé ibẹ̀. Èyí tó kún fún ọ́ìlì, ẹ fura sí rínǹgì (òrùka tó ń dí àlàfo inú sílíńdà) tàbí fáàfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà). Ẹ wo tánganran funfun rẹ̀ dáadáa: bí ìlà dúdú tín-ín-rín bí irun orí bá wà lára rẹ̀, ẹ jù ú nù, fífọ̀ kò lè wò ó. Ẹ wo kọ́ńtáàtì pẹ̀lú, irin kékeré inú dísíbítọ̀ tó ń já iná, tó tún ń so ó. Bí ojú rẹ̀ bá ti jóná, ẹ pààrọ̀ òun àti kọ́ńdẹ́ńsà tí wọ́n so mọ́ ọn pọ̀.

Ní ti epo, ẹ pààrọ̀ fílítà. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá lọ lórí òkè, ẹ dúró, kí ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Tó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé ṣìì, ihò ìdérí náà ló dí.

Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Kí wọ́n wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú èyí tó bá kéré, kí wọ́n tún un wọ̀n: tó bá gòkè, rínǹgì ni; tí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá kéré, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà lásán, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ẹ́ńjìnnì àti ìdérí rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì láìwọn èyí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀.