Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Màmá: Debugger mi ń dì pa bí mo bá ti tẹ "continue"

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán mà. Mo ń fi èdè C kọ debugger kékeré kan (ètò tí a fi ń yẹ inú ètò mìíràn wò) lórí Linux, kí n lè fi kọ́ iṣẹ́. Breakpoint, ibi tí mo ní kí ètò dúró sí, ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti ń ka register, àpò kékeré inú CPU. Àmọ́ bí mo bá ti tẹ "continue", inú waitpid, àṣẹ tó ń dúró títí ètò ọmọ yóò fi dúró tàbí kú, ló ń dì sí. Mi ò ní lè tẹ àṣẹ kankan mọ́ títí ètò tí mo ń yẹ̀ wò á fi dúró fúnra rẹ̀. Bí mo bá tẹ Ctrl-C, debugger gan-an ló ń kú. Mo wá fi handler (iṣẹ́ tó ń dáhùn signal) sí SIGCHLD, signal tí kernel, ọkàn Linux, fi ń sọ pé ètò ọmọ ti dúró tàbí kú, kó máa pe waitpid lẹ́ẹ̀kan bí ó bá ti dé. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ní thread mẹ́ta (ọ̀nà iṣẹ́ tó ń sáré pọ̀ nínú ètò kan), nígbà mìíràn ọ̀kan á dúró síbi breakpoint, mi ò sì ní gbọ́ rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi thread kan ṣọ́ kííbọ́ọ̀dù, kí n fi òmíràn ṣọ́ waitpid. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mà?
Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Má dán an wò, ọmọ mi. Èmi ti dán an wò rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ọ̀nà thread méjì yẹn ni mo gbà. Gbogbo àṣẹ ptrace (ohun tí debugger fi ń darí ètò mìíràn) tí thread kííbọ́ọ̀dù bá rán, ESRCH ni kernel ń dá padà, pé kò sí process (ètò tó ń ṣiṣẹ́) bẹ́ẹ̀. Mo ṣí tẹ́mínà kejì, mo tẹ ps: process náà jókòó síbẹ̀ gbọin-gbọin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú kernel, kò sì jẹ̀bi. Thread tó so mọ́ ètò yẹn nìkan ni Linux ń gba àṣẹ ptrace lọ́wọ́ rẹ̀. Thread kejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé inú process kan, àjèjì pátápátá ni. Bí o bá ní kí kííbọ́ọ̀dù máa fi àṣẹ ránṣẹ́ sí thread tó ni ptrace, inú waitpid ni onítọ̀hún ti ń sùn, kò ní gbọ́. O kàn gbé ìṣòro kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá ni.

Ẹlòmíràn á ní kí o máa fi WNOHANG, tó ń jẹ́ kí waitpid dáhùn lójú ẹsẹ̀ láìdúró, béèrè léraléra láìsinmi. Fáànù laptop rẹ á ké gbàjarè, bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, bátìrì kò ní bá ọ dé ibi kankan.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró wọn wà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti ki ọwọ́ bọ aró, wọn kì í gbọ́ oníbàárà tó ń kágò níwájú. Ni wọ́n bá gbé àpótí fún mi sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti ń gbọ́ ẹnu ọ̀nà, tí mo sì ń gbọ́ àbúrò mi tó sùn ní yàrá. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbọ́, kí n sì pè wọ́n. Bí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́, mo lè sùn, ohùn ni yóò jí mi. Àpótí yẹn ni poll(), àṣẹ tó ń sùn títí ọ̀kan nínú ohun tí o ń ṣọ́ yóò fi ké. Ibẹ̀ nìkan ni debugger rẹ gbọ́dọ̀ ti máa sùn, kò gbọdọ̀ sùn síbòmíràn.

Poll kò mọ̀ ju file descriptor (nọ́ńbà tí Linux fi ń dá fáìlì tàbí ojú ọ̀nà data mọ̀) lọ, nítorí náà, sọ SIGCHLD di ọ̀kan. Fi sigprocmask dí i, kí o wá ṣí signalfd, descriptor tí a ti ń ka signal, tó ti wà láti Linux 2.6.22 lọ́dún 2007. Pidfd, descriptor tó dúró fún process kan, ńkọ́? Ìgbà tí process bá kú ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá kàn dúró síbi breakpoint, kò ní wí nǹkan kan.

Thread rẹ tó ń sọnù wàyí. Oníbàárà mẹ́ta lè dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ ké "Àgò onílé o!", kí o sì gbọ́ ohùn kan péré. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn, wọ́n padà sídìí ìkòkò. Àwọn méjì tó kù dúró títí, wọ́n bínú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni SIGCHLD rí: kì í tò sí ìlà. Bí ọ̀kan bá ti wà nílẹ̀, èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á wọnú rẹ̀. Bí poll bá jí ọ, máa pe waitpid(-1, &ipo, WNOHANG | __WALL) títí yóò fi dá 0 tàbí -1 padà. Èyí tí o pè lẹ́ẹ̀kan ló fa gbogbo wàhálà yẹn.

Ohun kan tún wà tó máa ń fìyà jẹ ènìyàn láìmọ ibi tó ti wá. Signal tí o dí yẹn, ọmọ tí o bá fi fork bí á jogún rẹ̀, exec, tó ń gbé ètò tuntun wọnú ọmọ náà, kò sì ní nù ún kúrò. Ètò tí o ń yẹ̀ wò á wá máa hu ìwà tí kò ní hù bí kò bá sí lábẹ́ debugger. Fi sigprocmask ṣí signal náà padà nínú ọmọ kó tó exec.

Ní ti Ctrl-C, gbogbo process tó wà nínú ẹgbẹ́ iwájú ni tẹ́mínà ń rán SIGINT sí. Fún ètò náà ní pseudo-terminal (tẹ́mínà àfarawé) tirẹ̀, forkpty á bá ọ ṣe é. Ohun tó bá tẹ̀ jáde á gba orí descriptor náà wọ poll, Ctrl-C á sì wá sọ́dọ̀ debugger nìkan. Dí SIGINT náà, fi í sínú signalfd. Bí ó bá dé, fi PTRACE_INTERRUPT dá thread kọ̀ọ̀kan dúró. Ó ń béèrè Linux 3.4 sókè, kò sì ń ṣiṣẹ́ bí o bá fi PTRACE_TRACEME bẹ̀rẹ̀, PTRACE_SEIZE, tí debugger fi ń di ọmọ mú, ni o máa lò. Jẹ́ kí ọmọ náà dúró lórí pipe (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ láàárín process méjì) títí o fi dì í mú, kó tó exec.

Bí kííbọ́ọ̀dù àti ètò bá jọ pe poll, ètò ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tẹ "print x" á gbọ́ pé ètò ṣì ń sáré, nígbà tó ti dúró tipẹ́. Bó bá jẹ́ readline, tó ń gba ohun tí a tẹ̀, ni o ń lò, rl_callback_read_char ni kí o máa pè, torí readline() fúnra rẹ̀ náà máa ń sùn síbi tí kò yẹ.

Bí o bá parí tó ṣì ń dì, fi strace -p, tó ń fi àṣẹ tí ètò ń rán sí kernel hàn, wo debugger náà nígbà tó dì. Poll ló yẹ kí o bá a nínú rẹ̀. Bí o bá rí wait4, ó ṣì ku ibì kan tí o gbàgbé WNOHANG. Má fi -f kún un o: tracer (atọpa) kan ṣoṣo ni kernel ń gbà fún thread kan, bí debugger rẹ bá sì tún fork ọmọ mìíràn, strace á kọ́kọ́ gbá a mú, debugger rẹ kò ní rí i dì mú.