Inú rírun tí mo pè ní irọ́

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́fà máa ń fi igbe ta lẹ́nu géètì ilé ìwé láràárọ̀, pé inú ń run ún, dókítà ò sì rí nǹkan kan. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó ń tàn yín ni. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi ń ṣì í ṣe kí n tó gbọ́n.

Ọmọ ọdún méje lọmọkùnrin mi nígbà náà. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ti máa ń fajú ro, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, á di inú mú. Mo ní ọmọ yìí ti ń gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ: kí ló dé tí inú kì í run ún lọ́jọ́ Sátidé? Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ọkùnrin kì í sunkún. Mo tiẹ̀ ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un tó bá lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsunkún. Ó gbìyànjú o. Lọ́jọ́ kẹta ló bì sínú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ìyá rẹ̀ ló rí ohun tí èmi ò rí: ìgò omi tó ń gbé lọ síléèwé, bó ṣe lọ ló ṣe ń bọ̀, kíkún dẹ́múdẹ́mú. Tó bá sì ti wọlé, kó tó bọ́ bàtà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ń sáré lọ. Ọmọ ò mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Ó ń mú ìgbẹ́ mọ́ra látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ wá gbẹ sí i nínú. Inú rírun tí mò ń pè ní irọ́, inú rírun gidi ni.

Mo bá jókòó, mo tẹjú mọ́ ọn: "Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?" "Kò sí." Kò sí èsì mìíràn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ta ni ọmọ kékeré tó lè wo ojú bàbá tó le koko kó sọ ohun tó ń tì í lójú? Lálẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ń ká aṣọ, mi ò wò ó, òun náà ò wò mí. Mo kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń tàkúrọ̀sọ pé mo tọ̀ sára rí ní kíláàsì nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó dákẹ́. Ó ká ṣòkòtò bíi mẹ́ta. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú jáde. Ó tọrọ àyè láti jáde, tíṣà ní kó dúró di àkókò ìsinmi, ó tọ̀ sára, àwọn ọmọ sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó jù ú lọ tún máa ń ti ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Ìjà ni mo fẹ́ gbé lọ síléèwé. Ọmọ ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún un pé mi ò ní purọ́ fún un, mo máa sọ, ṣùgbọ́n òun ló máa yan ohun tí mi ò ní sọ. Ó ní kí n má dárúkọ tí wọ́n ń pè é. Mi ò dárúkọ náà títí dòní.

Ìgbà tí wọ́n ti jáde tán ni mo lọ bá tíṣà, kì í ṣe àárọ̀ tí gbogbo kíláàsì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnu yà á. Ọmọ tó nírẹ̀lẹ̀ jù ló ń pè é. A jọ fẹnu kò: tó bá ti gbé pẹ́ńsùlù pupa sétí tábìlì, ó lè jáde láìtọrọ àyè, nígbà tí àwọn yòókù wà ní kíláàsì. (Bó bá délé tó sì ń bínú sí gbogbo wa, a kọ́ láti má pè é ní ìwà àìdáa. Ó ti kó ara rẹ̀ níjàánu látàárọ̀ ni.)

Ní ti ẹnu géètì, ẹ má yọ́ lọ, ẹ má sì dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tètè dé bí wọ́n bá jáde: mo pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún un ṣe. A fi í sílé fún ọjọ́ mẹ́ta rí, ọjọ́ kẹrin le ju ti ìṣáájú lọ. Oorun náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 lóru. Tèmi ò sùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí ẹni tó máa ní kí ẹ nà án. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, tí kò jẹun, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn ọmọdé. Tó bá ní ó sàn kí òun má sí láyé, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgò omi rẹ̀ tó bá dé lọ́la. Tó bá ṣófo, ẹ padà wá sọ, ká jọ wo ibòmíì.