Pánámà tí mo mọ̀: ìdáhùn fún ẹ̀gbọ́n wa tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ wọkọ̀ níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná. Ẹ ní àbúrò yín ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, Pánámà ni yóò ti lọ bá ọkọ̀. Ẹ wá orílẹ̀-èdè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé dọ́là ni wọ́n ń ná, pé tí wọ́n bá pín owó ilẹ̀ náà kárí, ó lé ní 18,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé Amẹ́ríkà ló ni ibẹ̀ ni, àti pé bí iṣẹ́ ọkọ̀ bá sú ọmọ náà, ṣé kó kúkú sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Èmi gbé ibẹ̀, kì í sì í ṣe fàájì ló gbé mi lọ. Ẹ́ńjìnnì ni mò ń mójú tó nínú ọkọ̀ kan tí olówó rẹ̀ pa tì sí etí omi Colón: kò sanwó oṣù, kò fi epo ránṣẹ́, oúnjẹ ń tán lọ. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo bá àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe jó irin títí mo fi rí owó bàálù padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti dọ́là kúrò nílẹ̀. Amẹ́ríkà kọ́ ló ni Pánámà. Balboa lorúkọ owó wọn, láti 1904 ni balboa 1 sì ti jẹ́ dọ́là 1 gééré. Owó ẹyọ nìkan ni wọ́n ń ṣe fúnra wọn. Owó bébà, ti Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún 1941, ààrẹ wọn kan, Arnulfo Arias, tẹ bébà balboa. Ọjọ́ méje péré ni bébà náà fi rí ayé. Wọ́n yọ ààrẹ náà nípò, wọ́n kó owó rẹ̀ jọ, wọ́n sun ún. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gba dọ́là ní Pánámà, dọ́là ló fi ń sanwó ilé, òun náà ló fi ń ra ìrẹsì. Bí ẹ bá ń fi náírà ṣírò owó oṣù ibẹ̀ láti Ìbàdàn, orí yín á wú lásán.

Iye tí ẹ rí yẹn, irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹ máa bi í léèrè pé Pánámà wo ló ń sọ. Ìkànìyàn 2023 ka 4,064,780 èèyàn. Ilẹ̀ wọn tó 75,000 kìlómítà níbùú lóòró, ó fi díẹ̀ kéré sí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù wa tí a bá kó wọn pọ̀. Nínú àwọn èèyàn yìí, ó lé ní ìdajì tó ń gbé ẹkùn Panamá àti Panamá Oeste nìkan, ìyẹn olú ìlú àti àyíká rẹ̀. Ibẹ̀ ni báńkì wà, ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú Tocumen wà, ibẹ̀ ni ilé gíga tí ẹ rí nínú fọ́tò wà. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láti 2014, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, 35 sẹ́ńtì sì ni mò ń san. Ẹni tó bá ti Tocumen dé, tó sùn sí Vía España, títì ńlá kan ní olú ìlú, tó tún ti Tocumen padà, á búra pé òun ti dé ìlú ọlọ́rọ̀.

Ẹ wá wá sí Colón, níbi tí èmi gbé. Kò ju 80 kìlómítà sí olú ìlú. Láti 1948 ni wọ́n ti dá ibùdó ọjà aláìlówó-orí sílẹ̀ níbẹ̀, Zona Libre, ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù láyé. Àpótí ẹrù ń gorí ara wọn ní ebúté. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yà kúrò níwájú géètì, ilé onípákó tó ti ń wó ni, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, omi òjò dúró sójú títì. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé kí n má gba àdúgbò báyìí báyìí kọjá lẹ́yìn agogo mẹ́fà, mi ò sì bá wọn jiyàn. Owó ń gba Colón kọjá, kì í dúró síbẹ̀.

Ti ìwọ̀ oòrùn tún le ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní agbègbè tiwọn tí òfin fọwọ́ sí, wọ́n ń pè é ní comarca: Guna Yala wà létí òkun Karíbíánì, Emberá-Wounaan wà ní Darién, Ngäbe-Buglé, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, ló sì pọ̀ lérò jù. Òṣì Ngäbe-Buglé yìí ló ga jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Lásìkò kọfí, ẹ ó rí wọn tọmọ tìyá tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Boquete, ìlú oko kọfí, àwọn mìíràn a sọdá sí Kósítà Ríkà lọ já kọfí. 18,000 dọ́là yín yẹn, àwọn náà wà nínú ẹni tí wọ́n fi pín in.

Ìtòsí Boquete yìí náà ni Volcán Barú wà, òkè tó ga jù lọ́dọ̀ wọn, nǹkan bí mítà 3,475. Lọ́jọ́ tí kùrukùru ò bá sí, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á rí òkun méjèèjì, torí ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó nà láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, Kósítà Ríkà lápá kan, Kòlóńbíà lápá kejì, Karíbíánì wà ní àríwá, Pàsífíìkì ní gúúsù. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tó bá ti Colón gba Kànáàlì, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti òkun kan dé èkejì, bọ́ sí Pàsífíìkì, apá ìlà oòrùn ló ń tẹ̀ sí bó ṣe ń lọ. Mo ti dúró létí omi ní olú ìlú ní ìdájí, inú Pàsífíìkì ni oòrùn ti yọ síwájú mi.

Kí àbúrò yín sì mọ èyí, torí iṣẹ́ ni: lápá Pàsífíìkì, omi a máa gòkè tó mítà 5, a sì tún fà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan náà, lápá Karíbíánì kì í tó ìdajì mítà. Òjò tún yàtọ̀. Colón ń gba ohun tó lé ní 3,000 mílímítà lọ́dún, olú ìlú kì í sábàá dé 2,000. Ẹ̀rùn wọn, oṣù Kínní sí Kẹrin ni.

Ní ti ìtàn, Sípéènì ló kọ́kọ́ jẹ gàba. Wọ́n tẹ olú ìlú dó lọ́dún 1519, Henry Morgan, ajalèlókun kan, kó o lọ́dún 1671, wọ́n sì tún un tẹ̀ dó síbòmíràn ní 1673. Ní 1821 wọ́n kúrò lábẹ́ Sípéènì, wọ́n so mọ́ Kòlóńbíà. Ohun tó gbé wọn dé ibi tí wọ́n wà lónìí ni Kànáàlì. Faransé ló kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, láti 1881, lábẹ́ Ferdinand de Lesseps tó gbẹ́ ti Suez ní Íjíbítì. Ibà àti ibà pọ́njú pa òṣìṣẹ́ tó tó 22,000, owó tán ní 1889. Nígbà tí Kòlóńbíà kò gbà fún Amẹ́ríkà láti gbẹ́ ẹ, Pánámà ya kúrò lára Kòlóńbíà ní 3 oṣù Kọkànlá 1903, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sì wà létí omi tó ń ṣọ́ wọn. Kò tíì pé oṣù kan tí ọmọ Faransé kan, Philippe Bunau-Varilla, fi tọwọ́ bọ̀wé lórúkọ Pánámà, tó fún Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 16 láti òkun dé òkun. Ẹ rò ó wò, ọmọ Pánámà kankan ò fọwọ́ sí ìwé náà.

15 oṣù Kẹjọ 1914 ni wọ́n ṣí Kànáàlì. Ní 9 oṣù Kínní 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ta àsíá Pánámà nínú ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà gbà yẹn, rògbòdìyàn sì pa ọmọ ilẹ̀ náà tó lé ní 20. Omar Torrijos, olórí Pánámà, àti Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn lọ́dún 1977, Kànáàlì sì bọ́ sọ́wọ́ Pánámà ní ọ̀sán 31 oṣù Kejìlá 1999. Láàárín ìyẹn, Amẹ́ríkà ya wọlé ní 20 oṣù Kejìlá 1989 láti mú Manuel Noriega, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Pánámà. Àdúgbò El Chorrillo ní olú ìlú jóná. Láti ìgbà náà, wọn ò ní ológun mọ́, ọlọ́pàá ni. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, kó má fi ọ̀rọ̀ ọdún 1989 dápàárá.

Ibi tó kàn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ náà fún Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú láti Barbados àti Jàmáíkà ni. Owó ẹyọ fàdákà ni wọ́n fi ń san tiwọn, wọ́n ń fi wúrà san ti àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà, ilé ìwé àti ilé ìtajà wọn sì yàtọ̀ síra. Òfin ilẹ̀ 1941, lábẹ́ Arias tó tẹ bébà owó yẹn náà, tún gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. 1946 ni wọ́n tó dá a padà. Ní Colón, ìyá àgbà kan tó ń dáná ní bùkà, fonda ni wọ́n ń pè é, gbọ́ mi lẹ́nu, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì Jàmáíkà dá mi lóhùn. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló gbà mí. Àwọn dúdú mìíràn tún wà tí baba ńlá wọn dé lásìkò ẹrú Sípéènì. Wàyí o, ìkànìyàn 2010 ní aláwọ̀ dúdú jẹ́ ìdá 9.2 nínú 100. Ti 2023 ní 31.7. Kì í ṣe pé wọ́n bímọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 13. Bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ náà ló yí padà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń fẹnu ara wọn sọ ọ́ láìtijú. Ẹni tó bá ń fi iye 2010 sọ̀rọ̀ nípa Colón, kò tíì rìn ní Colón.

Ẹ óò gbọ́ pé Kànáàlì ò lè gbẹ láé. Ó lè gbẹ o. Omi òkun kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ gòkè, omi òjò ni. Adágún Gatún tí Kànáàlì gbà kọjá wà ní mítà 26 lókè òkun, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá sì ń ṣan omi tútù tó tó 200 mílíọ̀nù lítà dà sínú òkun. Adágún yìí kan náà ló wà lára ibi tí olú ìlú àti Colón ti ń rí omi mu. Lọ́dún 2023 òjò já wọn kulẹ̀, wọ́n dín ọkọ̀ ojúmọ́ kù láti bíi 36 sí 24, ilé iṣẹ́ Japan kan sì san nǹkan bí 4 mílíọ̀nù dọ́là kó lè kọjá láìtò. Bí wọ́n bá sọ fún àbúrò yín pé ọkọ̀ á dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó di owó oúnjẹ mọ́ra.

Ti àsíá tún wà níbẹ̀. Ó lé ní 8,000 ọkọ̀ tó ń ta àsíá Pánámà láyé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ti ọmọ Pánámà. Tiwa yẹn náà ta á. Kí ọmọ náà tó wọkọ̀, kó wá ìwé ẹ̀rí ìbánigbófò tí MLC 2006, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ní kí wọ́n lẹ̀ síbi tí gbogbo atukọ̀ á ti rí i. Láti 2017 ni ó ti di dandan. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni kó yà ní fọ́tò. Bí olówó ọkọ̀ bá sá, ìbánigbófò yẹn gbọ́dọ̀ san owó oṣù mẹ́rin, oúnjẹ, àti owó ìpadàsílé. Ìwé yẹn ni a fi rí owó oṣù tiwa, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ tí ẹ béèrè, mo ní rárá. Láìsí ìwé ìṣiṣẹ́, Colón ni á bá ara rẹ̀, kì í ṣe Vía España. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀rọ̀ igbó Darién fún un, ní ìhà Kòlóńbíà, kó sá. Títì tó ti Alaska bọ̀ parí sí Yaviza, igbó àti ẹrẹ̀ tó tó 100 kìlómítà ló kù. Lọ́dún 2023, ó lé ní 520,000 èèyàn tó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìhà Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú wọn. Ohun tí àwọn tó yè bọ́ sọ fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Kó gba físà ṣáájú, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kó sì béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ntì bóyá ebúté Balboa ni tàbí ebúté Cristóbal, torí ọ̀kan wà létí òkun kan, èkejì wà létí òkun kejì. Bí àdéhùn iṣẹ́ náà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ bo orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbí, màá bá yín wo ibi tí wọ́n kọ owó oṣù àti ìpadàsílé sí.