Èsì: SHOWA lára ṣọ́kù Honda àtijọ́

Àbúrò, o ní SHOWA lo rí lára ṣọ́kù iwájú alùpùpù Honda bàbá yín, kì í ṣe HONDA, ẹ̀rù wá ń bà ọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Fọkàn balẹ̀. Showa ní Jàpáànì ló ń ṣe ṣọ́kù fún Honda láti ọjọ́ pípẹ́. KYB, ìyẹn Kayaba, tí òun náà ń ṣe ṣọ́kù, ni wàá máa bá lára ọ̀pọ̀ Yamaha. Fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì kúrò, kó o wá fi ẹfun ra ojú irin: lẹ́tà á hàn ketekete. Èyí tó yọ síta, ìgbà tí wọ́n ń da irin ló ti wà níbẹ̀. Èyí tó jìn wọnú, wọ́n lù ú ni.

Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ ṣọ́kù méjèèjì o, bóyá orúkọ kan náà ló wà lára wọn! Tèmi tí mo rà ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀tún SHOWA, òsì KYB. Ẹni tó tà á sì ń búra pé bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn.