"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru": kì í ṣe òwe ojo

Ẹ ní kí n ṣàlàyé òwe yìí, ẹ sì ní ṣé lóòótọ́ ló ń kọ́ wa láti jókòó sílé nígbà tí wàhálà bá dé. Mo mọ ibi tí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan pe wọ́n, ó ń fi ìbínú ro ẹjọ́ onílé rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ ní sùúrù o, òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, bí òkun bá ń hó, ẹ padà sílé." Mo pa rédíò. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ebi ì bá ti pa gbogbo ìran bàbá mi tán.

Etíkun Ìbẹ̀jù ni wọ́n bí mi sí, lápá Òrìmẹdú. Ẹ lọ síbẹ̀ lóṣù kìíní, ẹ lọ lóṣù keje, òkun ń hó. Ti ìgbà òjò kàn ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ ni. Omi tó máa ń dákẹ́ ni ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ibẹ̀ la ti kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, ọmọ kékeré sì lè fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kiri níbẹ̀. Òkun kò gba ọ̀pá, àjẹ̀ ló gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ ọ́n mọ̀ pe òkun, kò pe ọ̀sà. (Àwọn kan tún ti ń ki Yemọja bọ ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ògùn ni ti Yemọja. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ló mú un dé etíkun. Lọ́dọ̀ tiwa, Olókun ló ni òkun.)

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Wíwa ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Òwe ti gbà pé a ó wà á. Ruru kejì ló ń bá jà.

Bí mo ṣe rí i lójú mi nìyí. Àwọn apẹja á ti ọkọ̀ wọ omi títí omi á fi mù wọ́n dé ìbàdí, wọn á sì dì í mú kí imú rẹ̀ lè dojú kọ ìgbì. Kò sẹ́ni tó ń kánjú wọlé. Àgbà tó fẹ́ di àjẹ̀ ìdí ọkọ̀ mú ló ń wo òkun. Ìgbì kì í rí bákan náà. Àwọn ńlá á tẹ̀ léra wọn wá, lẹ́yìn náà àlàfo á wà, omi á rọlẹ̀ díẹ̀. Àlàfo yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Bí àgbà bá ti pariwo "Ó yá!", gbogbo wọn á fò wọlé, àjẹ̀ wọn á sì máa bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára. Mo ní gbogbo agbára o! Kò sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ẹnì kan tó wá ń da àjẹ̀ tirẹ̀ lu omi bó ṣe wù ú, imú ọkọ̀ á yà, ọkọ̀ á fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì, ó dà nìyẹn. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi dà bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n àwọ̀n tuntun lọ. Wíwà ruru nìyẹn.

Ta ni n ó sọ èyí fún báyìí? Bí mo bá ní òkun, ọmọ ọmọ mi á ní èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì. Orin àti sùyà ni etíkun lójú wọn. Bar Beach, etíkun Èkó tí wọ́n máa ń mú wa lọ wò, ti di iyanrìn tí wọ́n kó dí, ilé gogoro ló wà lórí rẹ̀. Ìjọba òyìnbó ló kọ́kọ́ to òkúta sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó, ní nǹkan bí 1908, iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò ríbi kọjá mọ́, ni omi bá ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach wọlé. Wíwà ruru nìyẹn náà, bí ẹ bá bi mí.

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé ẹni tó ń bínú ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pa òwe náà fún. Ẹni tó ń bínú ni òkun, ta ló ń pòwe fún òkun? Ẹni tó di àjẹ̀ mú la máa ń pa á fún. Bàbá mi á ti òkun dé pẹ̀lú àwọ̀n yíya, ohùn rẹ̀ á gba gbogbo agbolé. Bí ìyá mi bá ti fẹ́ la ẹnu, ìyá bàbá mi á wò ó láti ìdí ààrò tó ti ń yan ṣawa, á ní, "Òkun kì í hó ruru, ìyàwó mi." Kì í parí rẹ̀. Ìyá mi á gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Tó bá di alẹ́, tí bàbá ti yó, tó jókòó tó ń rán àwọ̀n, ìyá mi á fa àpótí sún mọ́ ọn: "Bàbá Ṣadé, ọ̀rọ̀ owó iléèwé àwọn ọmọ yìí." Kò sì ní dìde níbẹ̀ títí owó á fi jáde.