Mẹ́dàlì Bàbá Àgbà: Kí Ni Wọ́n Ń Fi Í Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí bàbá mi lọ ogun Hítílà ní Bọ́mà. Mẹ́dàlì wọn mẹ́ta àti fìlà sọ́jà wọn wà nínú àpótí irin màmá mi. Ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ ti wá bá wa lẹ́ẹ̀mejì. Kí làwọn èèyàn ń fi ohun ogun ṣe gan-an? Ṣé ká tà á? Nǹkan aláwọ̀ ewé ti ń hù lára àwọn mẹ́dàlì náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ wọ́n. (Ọmọ Mókọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ tètè bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Iyọ̀ gan-an ló ń jẹ idẹ. Èyí tó wà nínú òógùn ọwọ́, tó bá ti pàdé ọ̀rinrin òjò, á di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí yóò máa gbẹ́ idẹ náà ní ihò díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá a, kí ẹ fi igi ìtayín ha èyí tó bá lẹ̀. Ẹ má fi omi kan ríbọ́ọ̀nì, ẹ má sì lo Brasso, torí ó máa ń họ ọnà ojú mẹ́dàlì dànù. Ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ láìfi sítáṣì sí i, kí ẹ fi àwọn àpò péńpé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó fa ọ̀rinrin. Ọ̀rá àti rọ́bà kò dára fún un.

Ní ti ìdí tí wọ́n fi ń rà á, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan fẹ́ kí ó pé ni: ìràwọ̀ mẹ́jọ, ìyẹn mẹ́dàlì tó ní ìrísí ìràwọ̀, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ogun yẹn, wọ́n fi ìkẹsàn-án kún un ní 2013, ẹni tó bá sì ti ní méje kì í lè fọkàn balẹ̀. Àwọn mìíràn ń ka ìtàn lára aṣọ. Aláǹtakùn dúdú ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni ti ìkejìlélọ́gọ́rin. Ẹ̀yin ará Mókọ́lá náà ń pe orúkọ Bọ́mà lójoojúmọ́, torí ibì kan lọ́hùn-ún ni Letmauk tí wọ́n fi sọ bárékè yín. Àwọn kan sì wà tí bàbá tiwọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀, tí wọ́n ń wá èyí tó jọ ọ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó kù, òwò ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ nìyí: mẹ́dàlì ogun 1914 sí 1918 máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà sọ́jà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára ìràwọ̀ Bọ́mà tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yẹn pọ̀ lọ́jà. Ìwé ìfẹ̀yìntì, fọ́tò àti lẹ́tà ló ń sọ ọ́ di ti bàbá yín. Oníṣòwò tó bá ní mẹ́dàlì nìkan lòun fẹ́ yóò kó irin lọ, orúkọ yóò sì ṣègbé. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ bi màmá yín lónìí, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, nọ́ńbà, ẹgbẹ́ ogun, ọdún, àti ẹni tó sọ ọ́. Ẹ wo ríbọ́ọ̀nì náà pẹ̀lú: ti Bọ́mà ní pupa fífẹ̀ láàárín, búlúù dúdú lọ́tùn-ún lósì, ìlà ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú búlúù kọ̀ọ̀kan.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ má tà á. Bí owó bá le débi tí ẹ gbọ́dọ̀ tà, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ tà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn. Bí ìbọn tàbí ọta bá wà nísàlẹ̀ àpótí náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọlọ́pàá ni kí ẹ pè.

Ó ku fìlà. Bí kòkòrò bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ fi sínú fírísà tó le fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù yóò fi kúrò lára rẹ̀. Bí iná bá lọ títí yìnyín fi yọ́, ẹ tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.