Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lè jẹ́rìí láti Kánádà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹjọ́ ilé bàbá wa ní Tàkíé wà nílé ẹjọ́ gíga Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá pín ilé, àmọ́ Toronto ló ń gbé. Lọ́yà wa ní ó lè jẹ́rìí lórí Zoom. Àwọn àgbà ilé ní ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin wà lẹ́yìn lọ́yà yín. Nígbà Kòrónà, lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, adájọ́ kan l'Ékòó dájọ́ ikú fún ẹnìkan lórí Zoom. Ariwo ta, nítorí abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ní gbangba ni ká ti máa gbẹ́jọ́. Ìjọba Èkó àti Èkìtì gbé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́jọ́ orí Zoom dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Lóṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n ní kò tíì lòdì sófin. Ṣùgbọ́n lọ́yà yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, àwọn tí ẹ jọ ń ṣẹjọ́ sì lè takò ó.

Síbẹ̀, àwọn àgbà yín rí nǹkan kan. Nínú ẹjọ́ ilé pínpín, ẹnu ẹlẹ́rìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí lọ́yà kejì bá ń da ìbéèrè bò ó, adájọ́ a máa wo ojú rẹ̀, a máa wo ọwọ́ rẹ̀. Lórí Zoom, tó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ó ń ronú irọ́ ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já? Ẹnìkan sì lè wà lẹ́yìn fóònù tó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ.

Nítorí náà, yàrá tí kò sí ẹlòmíì ni kó jókòó sí, kó múra bí ẹni tó wá sí kóòtù gan-an, kí Bíbélì tàbí Kùránì tí yóò fi búra wà nítòsí. Tó bá jẹ́ irin ló ń fi búra, kó wá irin. Ojúlówó ìwé ilé kò gbọdọ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó wà níbí ni kó fà á kalẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wa, aago mẹ́rin ìdájí ni ní Toronto, mẹ́ta nígbà òtútù, ẹ bẹ adájọ́ kó fi í sí ọ̀sán.

Tó bá jẹ́ èmi ni lọ́yà yín, Zoom ni n óò lò fún àwọn ìjókòó tó jẹ́ pé lọ́yà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n yín ní ìbéèrè, bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ jẹ́ kó wálé.